Adènà tó rán ọmọ rẹ̀ níṣẹ́: Alphonsus Rodriguez àti Peter Claver

Ìyá kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kọnfamáṣọ̀n kọ̀wé sí mi báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń wá orúkọ ẹni mímọ́ tí wọn yóò jẹ́. Mo ka orúkọ àwọn Jésúìtì fún wọn, Ignatius, Francis Xavier, Peter Claver. Nígbà tí mo dé orí Alphonsus Rodriguez, mo ní adènà ni. Ọmọ kan ní, 'Mẹ́gádì? Kí ni mẹ́gádì ṣe tó fi di ẹni mímọ́?' N kò rí nǹkan kan sọ. Òmíràn tún bi mí pé ṣé Peter Claver dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ni, àbí ó kàn ń sàmì fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni kí n sọ fún wọn?"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ìtàn Ìjọ Àgùdà, kò sì sí ìtàn Jésúìtì (àwọn fadà àti arákùnrin Ẹgbẹ́ Jésù) tí mo fẹ́ràn tó èyí tí àwọn ọmọ yín fọwọ́ kàn yìí. Ìbéèrè méjì ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ìtàn kan náà ni. Adènà yẹn ló rán Peter Claver níṣẹ́. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní Palma ní Sípéènì, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní èbúté Cartagena ní Gúúsù Amẹ́ríkà kò ní yé e dáadáa.

Ìlú Segovia ní Sípéènì ni wọ́n ti bí Alphonsus, ní nǹkan bí ọdún 1532. Alonso ni wọ́n ń pè é nílé. Irun àgùntàn ni bàbá rẹ̀ ń ṣòwò rẹ̀, òwò tó sọ ọ̀pọ̀ ará ìlú náà di ọlọ́rọ̀ nígbà yẹn. Ọmọdé ni Alonso nígbà tí oníwàásù kan wá wọ̀ sílé wọn. Àlejò náà fara balẹ̀ kọ́ ọmọ yìí ní ẹ̀kọ́ tó fi gba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́. Peter Faber ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ bá mi sọ ti Faber fún àwọn ọmọ náà, nítorí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí rẹ̀. Ọmọ darandaran ni, láti orí òkè Savoy. Ní ọdún 1529, yàrá kan náà ni òun àti Francis Xavier ń gbé ní ilé ẹ̀kọ́ Sainte-Barbe ní Paris, nígbà tí ọkùnrin kan tó dàgbà jù wọ́n lọ, tó sì ń tiro, wá bá wọn gbé. Ignatius ni, jagunjagun tí ọta àgbá fọ́ lẹ́sẹ̀ ní Pamplona ní 1521. Faber ń ràn án lọ́wọ́ nínú ìwé, òun náà ń tọ́ Faber sọ́nà nínú àdúrà. Nígbà tí àwọn méje jẹ́ ẹ̀jẹ́ ní Montmartre ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1534, Faber nìkan ni àlùfáà láàárín wọn, òun ló sì ṣe Mísà ọjọ́ náà. Póòpù Paul Kẹta fọwọ́ sí Ẹgbẹ́ Jésù ní 1540. Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn náà ni Faber kú sí Róòmù, ẹni ogójì ọdún tí ìrìn àjò ti gba okun ara rẹ̀. Ó di ọdún 2013 kí Póòpù Francis tó kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́. Tí a bá wá ka ìran wọn bí a ṣe ń ka ìran nílé wa, ọmọ Ignatius nínú ẹ̀mí ni Faber, ọmọ Faber ni Alonso, ọmọ Alonso ni Claver.

Ayé kò rọ Alonso lọ́rùn. Wọ́n rán an lọ sílé ìwé ní Alcalá, bàbá rẹ̀ kú, ó di dandan kó padà wálé wá gba òwò. Ó fẹ́ María Suárez, wọ́n sì bímọ. Lẹ́yìn náà ni ikú wọ ilé yẹn, tí kò fẹ́ jáde mọ́. Ó mú ọmọ, ó mú ìyàwó, ó mú ìyá Alonso tó wá ń bá a gbé, ó sì mú ọmọ tó ṣẹ́ kù. Òwò náà sì ti ń wọlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀pọ̀ ìwé a máa sáré kọjá níbí kí wọ́n lè tètè dé ibi àdúrà. Èmi kì í sáré kọjá. Ọkùnrin yìí mọ bí ilé ṣe máa ń rí nígbà tí kò bá sí ohùn ọmọ nínú rẹ̀ mọ́. Lójú tèmi, ìyẹn wà lára ohun tó mú kí ẹni tí ìdààmú bá máa wá a wá nígbà tó yá.

Ó lọ bá àwọn Jésúìtì pé òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ní ó ti dàgbà jù, pé kò kàwé tó, pé ara rẹ̀ kò le. Ó kó lọ sí Valencia, ó wọ kíláàsì, ó jókòó ti àwọn ọmọ kéékèèké, ó ń bá wọn kọ́ èdè Látìn. Ó ti ń sún mọ́ ẹni ogójì ọdún nígbà náà. Àgbàlagbà tó ti jẹ́ baálé ilé, tó ti bímọ, tó ti sin wọ́n, òun ló wà lórí bẹ́ǹṣì ọmọdé yẹn. Nígbà tó tún padà lọ bẹ̀ wọ́n, ọ̀gá àgbà wọn ní agbègbè náà gbà á. Ohun tí wọ́n ń sọ pé ọ̀gá náà wí ni pé tí kò bá tóótun fún iṣẹ́ àlùfáà, kó wọlé wá di ẹni mímọ́. Ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 1571 ló wọlé, gẹ́gẹ́ bí arákùnrin, ẹni tí kò ní jẹ́ àlùfáà láé. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n rán an lọ sí erékùṣù Majorca, sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Montesión nílùú Palma. Ibẹ̀ ló wà fún ọdún 46, títí ó fi kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1617, iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n sì fi mọ̀ ọ́n.

Nísinsìnyí, ìbéèrè ọmọ yẹn. Kí ni adènà kọ́lẹ́ẹ̀jì ń ṣe? Agogo á dún. Alágbe kan ń wá oúnjẹ. Agogo tún dún. Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ fojú kan ọmọ rẹ̀. Ẹnì kan mú lẹ́tà wá, ìjòyè kan fẹ́ rí ọ̀gá. Adènà á dìde, á ṣílẹ̀kùn, á wá ẹni tí wọ́n ń béèrè kiri gbogbo ọgbà, á padà wá jíṣẹ́, á pín búrẹ́dì, á tẹ́tí sí ẹni tí kò rí ẹlòmíràn fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Kí ìdí rẹ̀ tó kan àga, agogo tún ti dún.

Gbogbo ìgbà tí agogo yẹn bá dún, ohun tí Alphonsus máa ń sọ ni "Ya voy, Señor." Mo ń bọ̀, Olúwa. Ẹ dúró díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ yìí. Lédè Sípéènì, "Señor" tí wọ́n fi ń pe Ọlọ́run náà ni wọ́n fi ń pe ọkùnrin tí wọ́n bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún, bí ìgbà tí àwa bá ní "sà". Tí ẹni tó wà lóde bá gbọ́ ohùn bàbá náà, "Mo ń bọ̀, sà" ló máa gbọ́. Lójú Alphonsus, kò sí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Alágbe ni o, ọlọ́lá ni o, Olúwa ló wà níta, kò sì yẹ kí wọ́n fi í sóde pẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbàdúrà lọ́wọ́ rí tí àlejò kan ilẹ̀kùn, ẹni náà yóò mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe wúwo tó.

Kì í ṣe pé ara dẹ bàbá náà nínú ọkàn. Láti 1604 ni àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti pàṣẹ pé kó máa kọ ohun tó ń lọ nínú ẹ̀mí rẹ̀ sílẹ̀. Ìdánwò wà nínú ohun tó kọ, ìbẹ̀rù ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbà tí àdúrà gbẹ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Síbẹ̀, àwọn àlùfáà tó kàwé jù ú lọ ń wá jókòó tì í fún ìmọ̀ràn, àwọn aláṣẹ erékùṣù náà ń wá.

Ní 1605, akẹ́kọ̀ọ́ kan dé láti Catalonia. Peter Claver ni, ọmọ Verdú, ẹni ọdún 25. Wọ́n rán an wá kọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ adènà ló ti rí ẹ̀kọ́ tó gbé e lọ. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá kó lè máa bá Alphonsus sọ̀rọ̀ lálaalẹ́. Bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún àti ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì mọ ibi tí ayé òun dorí kọ! Ọ̀rọ̀ tí bàbá náà ń tẹnu mọ́ ni ti àwọn ọkàn tó wà ní òdìkejì òkun, tí kò sẹ́ni tó ń lọ bá wọn. Òun fúnra rẹ̀ kò lè lọ mọ́, ó ti dàgbà. Nígbà tí Claver kúrò ní Palma ní 1608, Alphonsus fún un ní ìwé kékeré kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Claver gbé ìwé yẹn kọjá òkun ní 1610, ó sì pa á mọ́ títí dọjọ́ ikú.

Cartagena wà létí òkun ilẹ̀ tí à ń pè ní Kòlóḿbíà lónìí, ọ̀kan nínú àwọn èbúté ńlá tí ọba Sípéènì fọwọ́ sí pé kí wọ́n máa kó ẹrú gbà. Lẹ́yìn tí Claver parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Bogotá, wọ́n fi í joyè àlùfáà ní Cartagena ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún 1616. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kọ sínú ìwé wọn pé làákàyè rẹ̀ kò ju ààbọ̀ lọ. Ẹ rántí pé ohun tó jọ èyí ni wọ́n sọ nípa Alphonsus.

Jésúìtì mìíràn ló kọ́ ọ níṣẹ́ èbúté, Alonso de Sandoval, ẹni tó ti ń wọ inú ọkọ̀ ẹrú ṣáájú rẹ̀. Sandoval tẹ ìwé ńlá kan jáde ní Seville ní 1627 lórí àwọn ènìyàn tó ń bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, èdè wọn, ilà ojú wọn, ibi tí wọ́n ti wá. Ó dárúkọ àwọn Lucumí nínú rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ orúkọ yẹn, òun ni wọ́n fi ń pe ìran Yorùbá ní Cuba títí dòní. Ìdí nìyí tí n kò fi lè ka ìtàn Claver bí ìtàn àwọn ará ọ̀nà jíjìn.

Tí ìròyìn bá ti kàn pé ọkọ̀ ẹrú ń bọ̀, Claver á gbé àpò rẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, tábà wà níbẹ̀, búrẹ́dì wà níbẹ̀, ọtí líle díẹ̀ fún ẹni tó ti dákú. Á mú àwọn ògbufọ̀ dání, wọ́n á fi ọkọ̀ kékeré pàdé ọkọ̀ ńlá náà, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, níbi tí òórùn ti ń lé àwọn atukọ̀ fúnra wọn sá. Àwọn tó ń kú lọ àti àwọn ọmọ tuntun ló ń kọ́kọ́ tọ̀ lọ. Ó ń fún wọn lómi, ó ń fi aṣọ ìlékè rẹ̀ nu egbò wọn, ó sì ń fi aṣọ yẹn náà bo aláìsàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbà pé ńṣe ni àwọn aláwọ̀ funfun fẹ́ pa àwọn jẹ, nítorí náà ohun tí ògbufọ̀ kọ́kọ́ ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n má bẹ̀rù.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́, nínú àgbàlá tí wọ́n há wọn mọ́, pẹ̀lú àwòrán, nítorí èdè pọ̀ ju ti ahọ́n kan lọ. Nígbà ìsàmì, ó ń tò wọ́n ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, ó sì ń fún gbogbo mẹ́wàá náà ní orúkọ kan ṣoṣo kí wọ́n má baà gbàgbé, kí wọ́n sì lè máa rán ara wọn létí. Á wá fi àmì kékeré kan kọ́ wọn lọ́rùn. Mo mọ ìdí tó fi ṣe é, ìdí náà sì mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni mí, ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ, ọkàn mi a máa bàjẹ́ ní ojú ìwé yẹn. Ènìyàn mẹ́wàá, tí ìyá mẹ́wàá ti kígbe oríkì wọn rí, tí gbogbo wọn wá di Francisco láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ìwé sábà máa ń kọ pé ó sàmì fún 300,000 ènìyàn. N kì í gbé ìdí iṣẹ́ rẹ̀ lé nọ́ńbà yẹn. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 1622, nígbà tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìkẹyìn rẹ̀ tó sì fọwọ́ sí i ní èdè Látìn: "Petrus Claver, aethiopum semper servus." Peter Claver, ẹrú àwọn adúláwọ̀ títí láé. Nínú ìlú tí wọ́n ti ń ta adúláwọ̀ lọ́jà, àlùfáà kan sọ ara rẹ̀ di ẹrú wọn lórí ìwé. Ó sì gbé e bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ìyàwó olówó bá wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀yìn àwọn ẹrú ni wọ́n ń tò sí. Wọ́n kùn, wọ́n ní òórùn wọn ti gba ibẹ̀, kò yí i padà.

Ó wá kan ìbéèrè ọmọ kejì, ẹ má sì fi òótọ́ pamọ́ fún un. Rárá, Claver kò dá àwọn ẹrú sílẹ̀. Kò dìde lòdì sí òwò náà ní gbangba. Àwọn ògbufọ̀ rẹ̀ gan-an, ẹrú kọ́lẹ́ẹ̀jì Jésúìtì ni wọ́n, owó ni wọ́n fi rà wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn, Andrés Sacabuche, ará Angola, wà lára àwọn tó jẹ́rìí lẹ́yìn ikú Claver nípa bó ṣe gbé ìgbé ayé rẹ̀. Òmíràn gbọ́ èdè tó pọ̀ débi pé Calepino ni wọ́n ń pè é, orúkọ ìwé atúmọ̀ èdè tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ nígbà náà. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣàìsàn, Claver a gbé e sórí ibùsùn ara rẹ̀, òun a sùn sílẹ̀. Inú rere gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹrú ni ẹni tó wà lórí ibùsùn náà nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́.

Sandoval tiẹ̀ kọ̀wé sí Jésúìtì kan ní Luanda ní Angola, Luis Brandão, ó bi í bóyá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mú àwọn ènìyàn wọ̀nyí bófin mu. Ní 1610, Brandão fèsì pé kó má jẹ́ kí ìyẹn dà á láàmú, nítorí àwọn fadà tó kàwé ní Angola àti Brazil ń ra ẹrú láìsí ìfòyà. Báyìí ni wọ́n fi òróró pa ẹ̀rí ọkàn kan lójú. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún àwọn ọmọ náà pé kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà pé ó burú. Ní 1681 sí 1682, ní Havana, àwọn Kapuṣín méjì (ẹ̀ka kan nínú ẹgbẹ́ Francis Mímọ́ ti Assisi), Francisco José de Jaca àti Epifanio de Moirans, wàásù pé ẹ̀tọ́ ni kí àwọn olówó ẹrú dá wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì san owó iṣẹ́ wọn fún wọn. Wọ́n tì wọ́n mọ́lé nítorí rẹ̀.

Ìdáhùn tèmi sí ọmọ náà nìyí. Claver rí ènìyàn níbi tí gbogbo ìlú ti rí ẹrù ọjà, ó sì fi nǹkan bí ogójì ọdún tọ́jú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò fọwọ́ kan ìdè náà fúnra rẹ̀. Kí ọmọ náà di ọ̀rọ̀ méjèèjì mú, kó má jẹ́ kí ọ̀kan gbé èkejì mì.

Àrùn tó jà ní Cartagena ní 1650 mú un, ara rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè ṣe Mísà mọ́. Ọdún mẹ́rin ló fi wà nínú yàrá rẹ̀, ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀. Ẹrú kan tí wọ́n fi tì í kì í fún un lóúnjẹ dáadáa, a máa fi agídí gbé e sókè gbé e sílẹ̀. Claver kò fẹjọ́ rẹ̀ sùn, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ òun tó bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ìwé ló bú ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn gidigidi. Èmi kò lè bú u bẹ́ẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni kò bi í bóyá ó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ìròyìn jáde pé Claver ń kú lọ, ìlú tún rántí, wọ́n rọ́ wọ yàrá rẹ̀, wọ́n kó gbogbo ohun tí ọwọ́ lè gbé. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1654 ló kú. Abẹ́ pẹpẹ ńlá ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè ní Cartagena ni egungun rẹ̀ wà.

Ó pẹ́ kí Róòmù tó kéde wọn. Póòpù Clement Kẹrìnlá tú Ẹgbẹ́ Jésù ká ní 1773, wọn kò sì gbé e dìde padà títí di 1814, àìmọye ọ̀rọ̀ ló dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ọjọ́ kan náà ni Póòpù Leo Kẹtàlá kéde adènà àti ọmọ rẹ̀ ní ẹni mímọ́, ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1888, àti John Berchmans, akẹ́kọ̀ọ́ tó kú ní ẹni ọdún 22. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà ni wọ́n fòpin sí oko ẹrú pátápátá ní Cuba. Oṣù Karùn-ún ọdún 1888 yẹn gan-an ni Brazil fòpin sí tirẹ̀. Ní 1909, àwọn ọkùnrin Àgùdà adúláwọ̀ àti àwọn fadà wọn dá ẹgbẹ́ Knights of Peter Claver sílẹ̀ ní Mobile, ní Alabama, ẹgbẹ́ náà sì wà títí dòní. Ní Kòlóḿbíà, ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án, tí í ṣe ọjọ́ àjọ̀dún rẹ̀, ni wọ́n fi ṣe ọjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn.

Nǹkan kan tó kù, kó má baà dà wọ́n rú. Tí ọmọ yẹn bá fẹ́ jẹ́ Alphonsus, kó kọ "adènà Majorca" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà nínú fọ́ọ̀mù. Alphonsus Liguori, ẹni mímọ́ mìíràn, ló máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ fadà. Alphonsus Rodriguez mìíràn tún wà láàárín àwọn Jésúìtì, ẹni tó kọ ìwé lórí ìwà pípé, àti ẹ̀kẹta, tí wọ́n pa ní Caaró, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Brazil lónìí, ní 1628, tí òun náà jẹ́ ẹni mímọ́. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ni àjọ̀dún ti adènà. Ẹ bá mi kí ọmọ tó béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́gádì yẹn, ẹ sọ fún un pé inú mi dùn sí i.